Prọ́sẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ ní ká rà yẹn, kí la máa fi tù ú lára?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò kì í sáàbà kọ lẹ́tà síwèé ìròyìn, kíkà ni tèmi, mo máa ń kà á tán màá sì ká a pamọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó kọ̀wé, torí ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe, ó sì jẹ mí níyà. Ẹ ní kẹ́ni tí géèmù bá ń há mọ́ lọ́wọ́ lọ pààrọ̀ prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ẹ to prọ́sẹ́sọ̀ mẹ́fà kalẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, ẹ sọ iye kóò (àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀) tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ sọ bó ṣe ń yára sí, gbogbo ẹ̀ dáa. Mo wá ń wo ìsàlẹ̀ ojú ewé bóyá màá rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ kúlà, ìyẹn irin àti fáànù tó ń gba ooru kúrò lára prọ́sẹ́sọ̀, mo ṣí i sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ooru ò sí níbẹ̀. Àfi bí ẹni ní kéèyàn lọ ra ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ kó má dárúkọ rádíétọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ryzen 5 1600 ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ AMD gbé jáde lọ́dún 2017, kóò mẹ́fà, kò ṣe mí ní nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà táwọn géèmù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Tí mo bá wọ ìlú ńlá nínú géèmù báyìí, tí èrò pọ̀ lójú pópó, àwòrán á kàn máa ta gìjà gìjà. Mo wádìí, mo rí i pé bọ́ọ̀dù mi (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé), tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 tí prọ́sẹ́sọ̀ ń wọ̀, lè gba Ryzen 7 5800X3D tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2022, kóò mẹ́jọ, cache (ibi tó ń kó ohun tó ń lò jù sí nítòsí) rẹpẹtẹ. Inú mi dùn gan-an, torí ìyẹn ni pé mi ò ní ra bọ́ọ̀dù tuntun, mi ò ní ra RAM (mẹ́mọ́rì) tuntun, ká kàn yọ tibí ká ki tọ̀hún bọ ibẹ̀.

Nígbà tí páálí ẹ̀ dé, mo tú u, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún gbọ̀n ọ́n, prọ́sẹ́sọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí fáànù. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo ní níbo lẹ gbé fáànù mi pamọ́ sí? Mo sọ̀rọ̀ sí i o, mi ò ní parọ́. Ọkùnrin yẹn kàn rẹ́rìn-ín, ó ní bọ̀ọ̀dá, irú èyí kì í bá fáànù wá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá kúlà tó lágbára fún un. Mo ní ó dáa, mo pa fóònù. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé ṣebí fáànù kékeré tó bá Ryzen 5 wá ṣì ń yí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n, ihò súkúrúù kan náà, kí ló dé tí màá tún náwó sí òmíràn? Ìrònú yẹn ló kó bá mi.

Ká tó débi ooru, ẹ jẹ́ n sọ ti yíyọ, torí ẹ ò sọ ìyẹn náà, ẹ kàn kọ ọ́ pé kéèyàn yọ ti àtijọ́ kó fi tuntun sí i, àfi bíi bátìrì rìmóòtù. Mo pa kọ̀ǹpútà lálẹ́, mo sùn, mo jí láàárọ̀, mo tú súkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo di kúlà mú, mo fà á sókè. Kò gbà. Mo fà á gan-an. Ló bá dún pàà! Mo yí i wò, prọ́sẹ́sọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, ó fà á yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tòun ti pé mi ò tíì ṣí irin tí wọ́n fi há a mọ́bẹ̀. Pésìtì tó wà láàárín wọn, tó ń gbé ooru lọ sára kúlà, ti gan bí àtè. AM4 yìí, ara prọ́sẹ́sọ̀ ni píìnì ẹ̀ wà, 1331 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n rí tíntìntín bí irun ìmú, mẹ́rin sì ti dojú bolẹ̀ ní igun kan. Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí prọ́sẹ́sọ̀ yẹn fún àbúrò mi o. Mo wá abẹ kan, mo ń fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, fóònù tí mo fi ń tan iná wà lẹ́nu mi, itọ́ ń dà, mi ò lè mí dáadáa, nǹkan bíi wákàtí kan gbáko. Kò sí èyí tó kán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni kí n tan kọ̀ǹpútà yẹn kọ́kọ́, kí n gbá géèmù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí pésìtì lè rọ̀, kí n wá pa á, kí n yọ wáyà iná, kí n tú súkúrúù, kí n sì máa yí kúlà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa jọ̀wọ́ ara ẹ̀ kí n tó gbé e. Ti ilé iṣẹ́ Intel àti AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD tó rọ́pò AM4, ò ní ṣe báyìí torí inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni píìnì tiwọn wà, irin kan sì tẹ prọ́sẹ́sọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ò ní kéèyàn má fojú sílẹ̀, AM5 ní 1718 nínú bọ́ọ̀dù, tí nǹkan bá já bọ́ lé e lórí, bọ́ọ̀dù lódindi lẹ máa sunkún ẹ̀.

Ó dáa. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo fi pésìtì tuntun, mo ki 5800X3D bọ ibẹ̀, mo dá fáànù àtijọ́ padà sórí ẹ̀. Ó tàn. Mo wọ géèmù, mo dé ìlú yẹn, àwòrán ń ṣàn bí omi, mo tiẹ̀ pe àbúrò mi kó wá wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í han, ariwo ẹ̀ ń gòkè ń gòkè bí ẹ̀rọ ìlọta, àbúrò mi bi mí pé ṣé ó fẹ́ fò ni. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ níbi tó ti ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru kọ̀ǹpútà hàn, 90 ni mo rí. Dígírì 90 gbáko, kò gòkè kò sọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀, eré ẹ̀ tó ti wà ní bíi 4.4 GHz sì ti já wá sí 4.0, ìgbà mìíì kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣì sàn ju ti àtijọ́ lọ, ká má purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo sanwó fún nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: prọ́sẹ́sọ̀ òde òní mọ ìwọ̀n ara ẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ní ooru ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, tó bá ti débẹ̀ òun fúnra ẹ̀ á dẹ eré kí ara ẹ̀ lè balẹ̀. Ti 5800X3D jẹ́ 90, ti ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 jẹ́ 95, ọ̀pọ̀ Intel jẹ́ 100. Ẹ kọ ọ́ níbì kan nínú ìwé yín pé tó bá ti kọjá 70 ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, AMD fúnra wọn ló sọ nípa Ryzen 7000 pé tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn á lọ jókòó sí 95, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe pé ó máa jóná lójú ẹsẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ sanwó eré, ẹ ò rí eré gbà, ariwo lẹ rí gbà.

X3D yìí tiẹ̀ tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n to cache 64 MB lé orí 32 MB tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpapọ̀ ẹ̀ 96, ìyẹn ló jẹ́ kó dáńgájíá nínú géèmù torí kò ní máa sáré lọ bá RAM ní gbogbo ìgbà. Ẹrù tí wọ́n tò lé e lórí yẹn wá dà bí aṣọ òtútù lọ́rùn ẹni tó ń sáré, ooru inú kóò gbọ́dọ̀ là á kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ kúlà. Àwọn tó ṣe é náà mọ̀, torí nígbà tí 9800X3D máa jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, cache lọ sábẹ́, kóò wá wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé, òun ló ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ prọ́sẹ́sọ̀ gan-an.

Ẹ wá wo nọ́ńbà wọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ tẹ̀ sábẹ́ àwọn fọ́tò yẹn. 105 lẹ kọ fún tèmi, òótọ́ ni, bó ṣe wà lára páálí nìyẹn, àmọ́ irú Ryzen AM4 tí wọ́n bá kọ 105 sí lára, wọ́n gbà á láyè kó fa iná dé 142, èyí tí wọ́n kọ 65 sí lè fà dé 88. Ti Intel tún wá burú jù, i9-13900K tẹ́ ẹ pè ní àgbà gbogbo wọn, 125 lẹ kọ, 253 ló lè fà tó bá ń sáré tán. Iná yẹn kò ríbi lọ o, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru. Ẹni tó bá wá fi 125 yẹn ra kúlà, ẹ̀yin lẹ ṣì í lọ́nà.

Ní ti Intel yẹn náà, ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wà nínú mẹ́fà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀, ẹ ò sì sọ pé lọ́dún 2024 Intel fẹnu ara wọn sọ pé àwọn kan nínú wọn ń gba iná tó ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kú láàárín iṣẹ́. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde nínú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbé òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì. Ẹni tó bá ra àlòkù gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ṣáájú gbogbo nǹkan.

BIOS yẹn náà, ẹ ní tó bá ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ó parí. Kò parí o. Bọ́ọ̀dù AM4 tó ti pẹ́ ò mọ 5800X3D rárá, ibi ojú ẹ̀ dúdú lẹ máa dúró sí. Ìgbà tí prọ́sẹ́sọ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ ti máa lọ gba BIOS tuntun, ẹ gbé e sínú fláàṣì tẹ́ ẹ ti fọ́máàtì sí FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì tí BIOS lè kà, kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí tó fi máa tán, tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, bọ́ọ̀dù lè kú. Òmíràn tó tún dẹ́rù bà mí: lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ ẹ̀ tán, Windows kọ̀ kò wọlé, ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò tó ń ti ohun inú kọ̀ǹpútà pa, nọ́ńbà 48! Inú prọ́sẹ́sọ̀ ni TPM tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn wà, bí mo ṣe yọ ọ́ ni ẹ̀ṣọ́ tuntun ò dá mi mọ̀ mọ́. Orí ló yọ mí pé mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kan nígbà kan. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú súkúrúù kankan.

Ó yẹ kí n ti sọ eléyìí ṣáájú tiẹ̀: ẹni tí géèmù ń há mọ́ lọ́wọ́, ta ló sọ pé prọ́sẹ́sọ̀ ló jẹ̀bi? Kó ṣí ohun tó ń fi iṣẹ́ káàdì gíráfíìsì hàn, tó bá rí i pé káàdì ń ṣiṣẹ́ dé 97, 98, 99 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà, káàdì ló rẹ̀, prọ́sẹ́sọ̀ tuntun ò ní yí nǹkan kan padà. Tàbí kó dín ìwọ̀n àwòrán kù, kó mú un láti 1440p wá sí 720p, tí iye fíréèmù (àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá lọ sókè gan-an, káàdì ni, tó bá dúró sójú kan, prọ́sẹ́sọ̀ ni. Àyẹ̀wò yìí ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Kó sì tú àpótí kọ̀ǹpútà ẹ̀ wò. Nígbà tí mo tú fáànù mi kúrò nígbẹ̀yìn, eruku tó wà láàárín irin abẹ́ ẹ̀ nípọn débi pé ó ká bí òwú, mo gbé e jáde lódindi ní ìrísí irin yẹn gan-an. Atẹ́gùn ò tiẹ̀ ríbi kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ eruku dànù, ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú o, ẹ má jẹ́ kó máa yí àyíkíri.

Mo wá lọ ra kúlà gidi, èyí tó ní òpó irin àti fáànù 120 mm méjì. Àwọn páìpù bàbà tó wà nínú ẹ̀ wù mí, omi díẹ̀ ló wà nínú wọn, ibi tó gbóná ló ti ń di oorú, á lọ sí ibi tó tutù, á di omi padà bó ṣe ń ṣe lára ọmọrí ìkòkò, á tún padà wálẹ̀, kò sí mọ́tò, kò sí páǹpù. Mo fi pésìtì bí ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín prọ́sẹ́sọ̀, kì í ṣe kéèyàn fi kùn ún bí ẹní kun ògiri o, ihò tíntìntín tójú ò lè rí ló fẹ́ dí kí atẹ́gùn má bàa dúró síbẹ̀. Mo yọ ọ̀rá tó wà ní ìdí kúlà náà (ọ̀rẹ́ mi kan ò yọ tiẹ̀, ó lo oṣù méjì pẹ̀lú ẹ̀, ó ń bú AMD). Mo dì í, ó dúró dáadáa, mo gbé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ àpótí láti pa á dé, kò dé. Kúlà ga jù ú. Mo ti wọn gbogbo nǹkan láyé yìí tán, mi ò wọn ibẹ̀. Noctua NH-D15 tí gbogbo ayé ń yìn yẹn ga tó 165 mm, ìwé àpótí yín máa sọ èyí tó lè gbà, ẹ wò ó. Èmi lo àpótí láìnílẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí àpótí mìíì.

Kúlà olómi náà wà, èmi ò lòdì sí i, ó dáa fún àwọn 253 wọ́ọ̀tì yẹn, àmọ́ páǹpù wà nínú ẹ̀, páǹpù sì lè kú, tó bá kú kò ní dágbére. Tẹ́ ẹ bá ra á, ẹ má jẹ́ kí páǹpù ló ga jù nínú gbogbo ẹ̀, torí òkè ni atẹ́gùn inú ẹ̀ máa ń gbá jọ sí, á máa dún wuru-wuru, á sì tètè gbó. Ó dáa kí rádíétọ̀ wà lókè àpótí.

Fáànù ara àpótí ńkọ́? Iwájú ni kó ti máa wọlé, ẹ̀yìn àti òkè ni kó ti máa jáde. Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá ti rí apá ike tó di àárín fáànù mú ni atẹ́gùn ń jáde sí, tí kò bá dá yín lójú ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú ẹ̀. Mo rí i pé ọ̀kan nínú tèmi ti ń fẹ́ ooru padà sínú láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ọdún mélòó! Òǹkàwé yín tó kọ̀wé pé òun ń gbé yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tiẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó gbé e kúrò kíá, omi tó máa bọ́ sínú bọ́ọ̀dù yẹn ò mọ géèmù.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mo lo Curve Optimizer láti dín iná tí kóò ń gbà kù díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìyọkúrò 10, mo dé 20, mo ń dán an wò fún wákàtí púpọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ síwájú. Nínú ìlú yẹn, tó ti jẹ́ 90 tẹ́lẹ̀, ó ti di 71 báyìí, eré ẹ̀ sì wà ní 4.4 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá nínú géèmù torí fáànù ò pariwo mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún máa to prọ́sẹ́sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ iye wọ́ọ̀tì tó lè fà tó bá ń sáré tán síbẹ̀, kì í ṣe tara páálí nìkan, ẹ sọ bóyá ó bá fáànù wá tàbí kò bá a wá, kẹ́ ẹ sì sọ irú kúlà tó lè gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn 70 yẹn ṣe nínú ìwé tó ń bọ̀, àbúrò mi ti kà á, ó sì ti ń pè mí láràárọ̀ pé tòun wà ní 72.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín látọjọ́ pípẹ́